Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ikọ̀ Àkọ́kọ́ Dé Paralympics

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Paralympics, ìdíje àgbáyé fún àwọn eléré tó jẹ́ akanda ẹ̀dá, ẹ má fi aṣọ ikọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Orílẹ̀-èdè yín gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ Paralympics tirẹ̀, kí ìgbìmọ̀ àgbáyé tó wà ní Bonn, ní Jámánì, sì ti gbà á wọlé. Láìsí èyí, ẹni tó yára jù lọ láyé kò lè sá eré lábẹ́ àsíá yín.

Kí ẹ kéré níye kì í ṣe ìṣòro. Kiribati mú eléré kan ṣoṣo lọ sí Paris lọ́dún 2024, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kópa nìyẹn. Mẹ́ta ni Bhutan kó lọ sí Tokyo lọ́dún 2021. Ààyè kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń fi ìwé ìpè fún àwọn tí kò rí ọ̀nà mìíràn gbà yege. Ìgbìmọ̀ yín ló máa tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ti yẹ eléré náà wò, kí wọ́n sì ti fún un ní kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ìpèníjà ara wọn jọra tí wọ́n jọ ń díje.

Kíláàsì yìí ló dùn mí jù. Ọmọ wa kan tó ń ju irin lórí ìjókòó ti fi ọdún méjì múra bí ẹni kíláàsì F56. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò tẹ iṣan rẹ̀, tí wọ́n ká oríkèé rẹ̀ kò, wọ́n ní F57 ni, kíláàsì àwọn tí agbára ara wọn pọ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń ju irin jìnnà jù ú lọ ló wá ku kó bá díje. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ ti wá ìdíje àgbáyé tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ mú eléré yín lọ.

Ẹ fi ìwé dókítà ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì mú ìjókòó, okùn àti aṣọ tó fẹ́ fi díje dání. Bí kò bá gbọ́ èdè wọn, ẹ wá ògbufọ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un ṣáájú pé wọ́n máa fọwọ́ kan ara rẹ̀, kó sì lo gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tó bá díbọ́n máa jìyà rẹ̀. Wọ́n ṣì máa wò ó lórí pápá.

Wẹ́dà ló bá wa fi irin ṣe ìjókòó tí ọmọ wa fi ń ju irin. Kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, tìmùtìmù sì wà nínú ìwọ̀n náà. Tìmùtìmù yẹn la gbàgbé tá ò wọ̀n, la bá tún gé ẹsẹ̀ ìjókòó náà.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ ya fọ́tò àga onítáyà kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì gbé tìmùtìmù rẹ̀ wọ ọkọ̀. Táyà iwájú tiwa ti wọ́ nígbà tá a gúnlẹ̀. Fọ́tò ló gbèjà wa. Tẹ́ ẹ bá ti dé Paralympics, Ottobock, ilé iṣẹ́ Jámánì kan tó ń ṣe àga onítáyà, ń bá eléré tún irú rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láti Seoul 1988 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Láàárọ̀ ìdíje, kí kóòṣì má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ rán ẹlòmíì lọ gba oúnjẹ àti káàdì. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ kò ní wọ pápá.