Bẹ́ ẹ ṣe lè ran àlejò tí ò ní pépà lọ́wọ́ ní Àgbádárìgì

Ẹni tó bá gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè pépà o, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Tó bá jẹ́ ará ECOWAS, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ní ìwé ìrìnnà, àdéhùn tí àjọ náà ṣe lọ́dún 1979 fún un ní ọjọ́ 90 láìgba físà, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀, ibẹ̀ làwọn kan ti ń rí wọn jẹ. Ẹni tógun lé wá, ẹ júwe ọ́fíìsì UNHCR, àjọ UN tó ń bójú tó àwọn tógun lé kúrò nílé, l'Ékòó fún un, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí ẹni tó gbọ́ Ègùn tẹ̀ lé ìyá ẹ̀, torí àwọn míì ò gbọ́ Yorùbá rárá. Káńsù náà, ẹ gba ògbufọ̀ kan síbẹ̀ jàre, àbí ẹni tó gbọ́ Ègùn wọ́n lọ́jà Àgbálátà ni?