Bí mo ṣe wá HSP70 nínú ọpọlọ eku tí ẹ̀jẹ̀ kò dé

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò ṣòroó sọ lẹ́nu: kí n fi àwọ̀ ṣàfihàn àwọn neuron (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ) tó ń ṣe HSP70 lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ dí òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ eku, tí wọ́n sì tún ṣí i padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ abẹ ló ṣe ìyẹn. Nígbà tí ọpọlọ náà dé ọ̀dọ̀ mi, formaldehyde 4% ti mú un le, ó sì ti rì sínú omi ṣúgà 30%. Mo gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 40 micrometre.

HSP70 wà lára àwọn púrótéènì tí sẹ́ẹ̀lì máa ń sáré ṣe nígbà ìnira. Lára eṣinṣin èso tí ooru mú jù ni Ferruccio Ritossa ti rí àmì wọn, tó sì kọ ọ́ jáde ní 1962. Orúkọ ooru ṣì wà lára wọn di òní, bẹ́ẹ̀ àìtó atẹ́gùn náà ń pè wọ́n jáde. Púrótéènì tí ìrísí rẹ̀ bá ti bàjẹ́ ni HSP70 máa ń dì mú, kó má baà lẹ̀ mọ́ òmíràn, kó sì lè ká padà bó ṣe yẹ.

Áńtíbọ́dì, ìyẹn púrótéènì tó ń dì mọ́ ohun kan pàtó, tí mo fi ń wá HSP70, ló gba ìrònú jù. Ẹbí HSP70 tóbi. Ọ̀kan nínú wọn, HSC70, kún inú neuron tí nǹkan kan kò ṣe. Èyí tí ìnira ń pè jáde, HSP72, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ọpọlọ tó yá gágá. Áńtíbọ́dì tó bá mú méjèèjì á sọ gbogbo ọpọlọ di búráùn, ẹni tó ń wò ó á sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìnira. Mo mú èyí tó mọ HSP72 nìkan.

Ibi tó farapa tún ní ẹ̀tàn méjì tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń há sínú àwọn òpó wẹ́wẹ́ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè sọ DAB, èròjà tí a fi ń fi búráùn hàn níbi tí áńtíbọ́dì wà, di búráùn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ rẹ àwọn pẹlẹbẹ náà sínú hydrogen peroxide 0.3%. Ekejì ni pé òpó tó farapa ń jò, áńtíbọ́dì ara eku fúnra rẹ̀ sì ń rin sínú ọpọlọ. Áńtíbọ́dì mi, láti ara èkúté kékeré ni. Nítorí náà, áńtíbọ́dì kejì tí mo fi tẹ̀ lé e, tó ń dì mọ́ ti àkọ́kọ́, gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tó lè dì mọ́ ti eku kúrò nínú rẹ̀. Mo fi pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ láìfún un ní áńtíbọ́dì àkọ́kọ́. Bí òun náà bá pọ́n, irọ́ ni gbogbo yòókù.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù: áńtíbọ́dì sun inú òtútù 4°C mọ́jú, mo fọ̀ ọ́, mo fi èkejì sí i, mo wá da DAB sí i pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, nítorí kò dára fún ara. Mo fi cresyl violet, àwọ̀ tó ń fi ara neuron hàn, kun àwọn pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n lè mọ neuron tó ti súnkì.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àárín gbùngbùn ibi tó bàjẹ́ jù kò pọ́n. Àwọn neuron ibẹ̀ ti súnkì; ara òpó ẹ̀jẹ̀ nìkan ni búráùn wà. Etí ibẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dín kù àmọ́ tí kò tán, ni neuron ti pọ́n dé orí ẹ̀ka wọn. Apá kejì ọpọlọ mọ́ lóló.

Ó bá ọgbọ́n mu. Ṣíṣe púrótéènì ń ná ATP, èròjà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì ní agbára; sẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ ti tán kò ní ohun tí yóò fi ṣe é. Kódà àṣẹ nìkan kò tó: nínú ọpọlọ gerbil (ẹranko kékeré tó jọ eku) tí ẹ̀jẹ̀ kò dé fún ìṣẹ́jú 5, àwọn neuron CA1, apá kan nínú hippocampus tí í ṣe ibi ìrántí nínú ọpọlọ, ń kọ mRNA HSP70, ìyẹn àṣẹ fún ṣíṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n púrótéènì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, wọ́n sì ń kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ti CA3, apá mìíràn nínú hippocampus kan náà, ń ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn sì ń yè.

Nítorí èyí, mi ò gbà kí a kọ iye kan ṣoṣo fún gbogbo apá tó farapa. Àárín, etí àti apá kejì ni mo kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì to iye cresyl violet ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.