Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa tún ọta ráífù kì fúnra yín

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa tún ọta ráífù kì, prẹ́ẹ̀sì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ ọta pọ̀, lojú ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí, torí òun ló tóbi jù, òun náà ló dẹ̀ máa ń dán nínú fọ́tò. Lójú tèmi o, prẹ́ẹ̀sì kọ́ ni nǹkan. Ìwé, òṣùwọ̀n àti kálípà (irinṣẹ́ tó ń wọn gígùn) ló yẹ kówó yín kọ́kọ́ bá lọ. Kẹ́ ẹ dẹ̀ tó ná kọ́bọ̀ rárá, ẹ wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ ń gbé dáadáa, torí ibì kan wà tí wọ́n gbà kéèyàn ṣe é nílé, ibì kan dẹ̀ wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ra práímà (ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù) tàbí ẹ̀tù láìní ìwé àṣẹ, ẹjọ́ lẹ rà yẹn.

Ìwé tí mò ń sọ ni èyí táwọn tó ń ṣe ẹ̀tù tàbí àwọn tó ń ṣe orí ọta máa ń tẹ̀ jáde. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú ọta báyìí, orí báyìí, ẹ̀tù báyìí, iye gíréènì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti orí ọta) tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ rèé, iye tẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá rèé. 7000 gíréènì ló wà nínú páùn kan, ẹ wò ó bó ṣe kéré tó, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fojú díwọ̀n. Tápá bá wà, ẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ méjì kẹ́ ẹ lè fi ọ̀kan yẹ ìkejì wò. Iye tẹ́nì kan kọ sábẹ́ fídíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ fídíò níbẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta kan: kéèsì (ife irin tó gbé gbogbo ẹ̀ ró), práímà, ẹ̀tù àti orí ọta. Orí ọta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ọ̀pá ìbọn yín ló dẹ̀ máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, torí ìlà tó ń lọ́ nínú ọ̀pá yẹn ló ń yí orí ọta tó fi ń fò gbọọrọ. Ẹ mú ọta .223 bí àpẹẹrẹ, tí ìlà yẹn bá ń yí ẹ̀ẹ̀kan nínú íńṣì 12, orí 55 gíréènì máa bá a lára mu, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ki 77 gíréènì sí i, ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ lọta fi ń wọ páálí, ihò tó máa dá sí i á gùn bí ihò kọ́kọ́rọ́. 77 yẹn, ọ̀pá tó ń yí nínú íńṣì 8 tàbí 7 ló ń fẹ́. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára ọ̀pá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ orí tẹ́ ẹ fẹ́, ó ku ẹ̀tù, ibí yìí dẹ̀ lewu pọ̀ sí jù. Ẹ̀tù kan ń yára jó, òmíì ń jó díẹ̀díẹ̀, èyí tó yára tí wọ́n ṣe fún ìbọn ìléwọ́, tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ kún kéèsì ráífù, ìbọn lè fọ́ mọ́ yín lójú. Ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ o, H4895 àti IMR 4895, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́ àmọ́ ẹ̀tù kan náà kọ́, iye tí ìwé kọ fún ọ̀kan kì í ṣe ti ìkejì. Èyí tí mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú ni ẹ̀tù tó máa kún kéèsì dáadáa, ó kéré tán kó kọjá ìlàjì kéèsì dáadáa, torí tọ́wọ́ bá ṣèèṣì rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kún dànù sórí tábìlì, ẹ ò ní ṣàìrí i.

Práímà ò gba wàhálà. .308 àti .30-06, ńlá ni wọ́n ń lò, .223 ń lo kékeré, (àwọn kéèsì .308 kan wà báyìí tó ń gba kékeré, ẹ ṣáà wo ihò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà). Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú kéèsì: tẹ́ ẹ bá rí ihò kan láàárín, Boxer ni, ìyẹn dáa, tó bá jẹ́ ihò méjì tí ò sí láàárín, Berdan ni, abẹ́rẹ́ tó ń ti práímà jáde máa ṣẹ́ níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Kéèsì tuntun tàbí èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yìn ló dáa jù, kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ti kọ́ńpìnnì kan náà. Tàwọn sójà sábà máa ń nípọn ju táwọn aráàlú lọ, àyè inú ẹ̀ á kéré, agbára ẹ̀tù kan náà á wá ga nínú ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ti yin kéèsì kan nígbà bíi mélòó kan, ẹ na okùn irin tín-ín-rín kan, irú èyí tí wọ́n fi ń há bébà pọ̀, ẹ tẹ orí ẹ̀ kọ́rọ́, kẹ́ ẹ fi fá ògiri inú kéèsì láti ìdí wá sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá kọ́ sínú kòtò kan nítòsí ìdí, kéèsì yẹn ti fẹ́ já síbẹ̀ nìyẹn, ẹ fi púláyà tẹ̀ ẹ́ pa kẹ́nì kankan má baà tún un mú.

Ó wá kan irinṣẹ́. Prẹ́ẹ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ẹni tuntun ò lè bá a. Dáì, irin inú prẹ́ẹ̀sì tó ń fún kéèsì padà sí ìwọ̀n ẹ̀, ẹ ra odindi sẹ́ẹ̀tì ti ọta yín. Kéèsì ráífù tó lọ́rùn gbọ́dọ̀ gba òróró ìfipa kéèsì kó tó wọ dáì o, tó bá kéré jù á há síbẹ̀, tó bá pọ̀ jù á jẹ́ kí èjìká kéèsì tẹ̀ wọnú. Ṣẹ́ẹ̀lì hódà (irin kékeré tó ń di ìdí kéèsì mú lórí prẹ́ẹ̀sì) kan náà ló ń mú .243, .308 àti .30-06, ìyẹn á dín owó kù fún yín. Kálípà nítorí pé kéèsì máa ń gùn sí i, ti .308 ò gbọdọ̀ kọjá íńṣì 2.015, 2.005 ni wọ́n máa ń gé e sí. Òṣùwọ̀n wá, èyí tó ń lo bátìrì ń yára, àmọ́ afẹ́fẹ́ fáànù tàbí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lè mú kí nọ́ńbà máa rìn, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn èyí tó ń gbéra bí ìwọ̀n ọjà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ ra àwọn ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ ọn. Àrọ, pákó oníhò tẹ́ ẹ máa to kéèsì sí, ohun ìfá ẹnu kéèsì, òòlù tó ń yọ orí ọta tẹ́ ẹ bá kì í ṣì, gbogbo ìyẹn ò wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fọ kéèsì lè dúró ná, ẹ dẹ̀ rántí pé eruku tó ń jáde níbẹ̀ lójé nínú, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀tù wà nínú agolo tó bá wá, agolo kan péré ni kó máa wà lórí tábìlì. Práímà náà, inú páálí ẹ̀ ni, ẹ má dà á jọ sínú ìgò láé, tọ́kan bá bú, gbogbo ẹ̀ lè bú pọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ má ra púpọ̀, ẹ̀tù páùn kan, práímà 100, páálí orí ọta kan ti tó. Ìgbà tí ìbọn yín bá gbà á lẹ wá lè ra púpọ̀, kẹ́ ẹ dẹ̀ wo nọ́ńbà lọ́ọ̀tì tó wà lára agolo ẹ̀tù, tó bá ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ padà sí iye ìbẹ̀rẹ̀ inú ìwé kẹ́ ẹ tún máa gùn ún díẹ̀díẹ̀.