Nakhasan: Àṣìṣe Tí Àjèjì Ọ̀gá Tó Ń Gba Owó Ńlá Máa Ń Ṣe ní Ọ́fíìsì Kòríà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ́fíìsì Seoul bí ọ̀gá tuntun bá ti ìta wọlé: nakhasan. Párásúùtì ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n jù sílẹ̀ láti òkè sórí àga tí ẹlòmíì ti ń fojú sọ́nà fún láti ogún ọdún. Bí nakhasan yìí bá wá jẹ́ òyìnbó, tàbí ọmọ Nàìjíríà tó ní páásì Gẹ̀ẹ́sì, tí owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹni tó jókòó tì í, ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. Wọ́n á máa kí yín dáadáa. Iṣẹ́ ni kò kàn ní máa lọ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa sọ pé ìlara lásán ni. Àwọn ará Kòríà fúnra wọn lówe pé bí ìbátan ẹni bá ra ilẹ̀, inú a máa run èèyàn, nítorí náà wọn ò sẹ́ pé ìlara wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó ṣe ń rìn níbẹ̀. Hobong ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń san owó: bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ni owó ń gòkè. Ẹni tó wọlé ní sawon, òṣìṣẹ́ tuntun, á di daeri, á di gwajang, á di chajang, kó tó di bujang, olórí ẹ̀ka. Àwọn tí wọ́n sì jọ wọlé lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń wo ìgbésẹ̀ ara wọn. Àwa náà mọ ọ̀rọ̀ yìí: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ní 1997 tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí IMF wọlé, tí wọ́n ń dá èèyàn dúró níṣẹ́ káàkiri, níbo lẹ wà?

Nítorí náà, ẹ má sọ̀rọ̀ owó létí wọn. Ẹ má ka iye yàrá tó wà nínú ilé tí ilé iṣẹ́ gbà fún yín ní Hannam-dong, àdúgbò olówó ní Seoul, ẹ má sì ráhùn pé owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọ́n. Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé òfin gba àjèjì láàyè láti san owó orí ìdá 19 nínú 100 lórí owó oṣù rẹ̀, nígbà tí ọmọ onílẹ̀ tí owó rẹ̀ bá wọ ìpele òkè pátápátá ń san 45 lórí èyí tó bọ́ sí ìpele náà. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Blind, tí òṣìṣẹ́ ti ń sọ tinú wọn láìdárúkọ. Kòríà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013. Ohun tí ẹ fi ṣàwàdà nídìí kọfí láàárọ̀ lè ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ tí ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ níbẹ̀ ni wolgeup rupang, olè owó oṣù, ẹni tó ń gbowó tí kò ṣiṣẹ́.

Bọ́ọ̀lù ló là á yé mi jù. Guus Hiddink, ọmọ Netherlands, gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Kòríà ní ìparí 2000. Ní 2001, Faransé nà wọ́n ní márùn-ún sí òdo, Czech náà tún nà wọ́n ní márùn-ún sí òdo, ni wọ́n bá sọ baba náà ní Oh-dae-yeong, “Márùn-ún-sí-òdo”. Ó tún fọwọ́ kan ohun tí wọn kì í fọwọ́ kàn: ó ní kí àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ náà máa pe ẹ̀gbọ́n wọn lórúkọ lórí pápá. Síbẹ̀, nínú Ife Àgbáyé 2002, Kòríà wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, wọ́n fi oyè ọmọ onílẹ̀ dá a lọ́lá, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré kan ní Gwangju. (Lóòótọ́, ká ní kò borí ni, ta ni ì bá sọ pápá lórúkọ rẹ̀?) Ẹ wá wo Jürgen Klinsmann. Wọ́n gba òun náà síṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn ní February 2023, ṣùgbọ́n California ló ti ń lo àkókò jù. Nígbà tí Jordan fi méjì sí òdo lé Kòríà kúrò nínú Ife Ásíà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ni wọ́n bá lẹ́nu rẹ̀ lórí pápá. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, wọ́n lé e. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa darí ọ́fíìsì Seoul láti Lọ́ńdọ̀nù lórí Zoom, mo ti sọ tèmi.

Bujang ló tún kàn. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, tó ti ń retí àga tí ẹ jókòó lé. Wọ́n ní òkúta tó yí wọlé ló ń hú èyí tó ti rì sílẹ̀. Òun ni èyí tó ti rì. Ó gbé ìwé ìṣirò wá sípàdé, ẹ rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ ní, “Iye yìí kò tọ̀nà,” níṣojú àwọn sawon. Ó ní “ne,” ìyẹn “bẹ́ẹ̀ ni”, ó tẹ orí ba. Ẹ rò pé ó gbà. Rárá o, ó gbọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹ bá bi í, geomto hagesseumnida ni ìdáhùn, ìyẹn “màá yẹ̀ ẹ́ wò”, kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò láéláé. Àwa la ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nunchi làwọn ń pè é, nun yẹn náà sì ni ojú. Ẹ bá a ní yàrá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìpàdé, kí ẹ fi àṣìṣe náà hàn án, kó tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kí ẹ gba ẹ̀yìn bujang lọ bá ọmọdé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó rọrùn, gbogbo àjèjì ló ń ṣe é. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ yẹn ti di etí yín, ó sì ti di ọ̀tá gbogbo ilé. LG Electronics gbìyànjú ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì yìí lẹ́yìn 2007: wọ́n gba ọ̀gá àgbà bíi mélòó kan láti òkè òkun, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà pẹ́ kó tó rí ọ̀nà lórí smartphone, ọ̀gá pátápátá tó gbà wọ́n lọ ní 2010, àwọn àjèjì náà sì bá a lọ.

Hoesik, oúnjẹ alẹ́ tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń jẹ, kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ lọ. Ẹ fọwọ́ méjèèjì gba ife, ẹ má fọwọ́ ara yín bu soju, ọtí wọn, sínú ife tiyín, ẹ bù fún ẹni tí ife rẹ̀ ti gbẹ. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí ọ̀gá jókòó títí dé ilé ọtí kẹta, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè dìde níṣojú rẹ̀. Ẹ fa káàdì ilé iṣẹ́ lé gwajang lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ sílé.

Ti òkú ni kí ẹ má ṣe fi ṣeré rárá. Ká ní bàbá daeri yín kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìkéde dé lórí KakaoTalk, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àjèjì á tẹ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn méjì, á ní ó parí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìsìnkú, inú ọgbà ilé ìwòsàn ló sì sábà máa ń wà. Ẹ wọ dúdú, ẹ fi 100,000 won sínú àpò ìwé funfun, kí ẹ kọ orúkọ yín sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi òdòdó funfun síwájú àwòrán olóògbé, ẹ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún un, lẹ́ẹ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn, orúnkún ló ń kanlẹ̀, kì í ṣe àyà. Ẹ jókòó jẹ yukgaejang, ọbẹ̀ ẹran tó pọ́n fún ata. Kò ní ta ọmọ Yorùbá. Ẹ má fi ife kan ife o.

Bí daeri bá padà sẹ́nu iṣẹ́, á gbé páálí tteok dání, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá. Á máa gbé e kalẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì, á sì fo àwọn kan. Ẹ wo orí tábìlì tiyín.