Bí a ṣe ń wádìí ohun tó ń bí àwọn oníṣòwò kéékèèké nínú sí àkáǹtì báǹkì wọn

Bí máàkì tí àwọn oníbàárà fún àkáǹtì oníṣòwò bá já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ máníjà báǹkì kì í béèrè ìdí. Wọ́n á dín owó tí báǹkì ń gé kù, tàbí kí wọ́n pín kàlẹ́ńdà. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ máàkì náà fúnra rẹ̀ wò. Ṣé ìbéèrè kan náà lẹ bi wọ́n nígbà tó kọjá, ṣé ọ̀nà kan náà lẹ sì gbà bi wọ́n? Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń pè wọ́n lórí fóònù tẹ́lẹ̀, tó wá di àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tí inú ń bí ló máa tètè fèsì. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọ̀pọ̀ oní-POS wọlé, máàkì àpapọ̀ lè já láìjẹ́ pé oníbàárà àtijọ́ kankan yí ọkàn padà. Èsì àwọn tó dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì nìkan ni kí ẹ fi wéra.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín àwọn oníbàárà sí ẹ̀yà ẹ̀yà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lo àkáǹtì: ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági tó ń gba owó lórí fóònù, oní-POS tó wà ní gáréèjì, ẹni tó ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ mẹ́jọ. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹ wá gbé ọjọ́ wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá 2024, àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà pààrọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé, oníbàárà ò sì rí owó wọn lò dáadáa. Ní oṣù kẹfà 2025, owó kóòdù USSD tí èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù láti fi bá báǹkì ṣe, 6.98 náírà, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú owó ìpè fóònù. Oníbàárà ò ní bá yín yà á sọ́tọ̀ pé ti báǹkì kọ́ nìyẹn. Bí gbogbo ẹ̀yà bá já pọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, irú nǹkan báyìí ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka báǹkì kan ṣoṣo ló já, ẹ lọ sí ẹ̀ka yẹn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà jù ni ẹ̀sùn. "Owó tí ẹ ń gé ti pọ̀ jù" ló rọrùn jù lọ láti sọ. Àmọ́ ní 2020, CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, là á kalẹ̀ pé 10, 25 tàbí 50 náírà ni báǹkì lè gbà tí èèyàn bá fi owó ránṣẹ́. Bí iye tí ẹ ń gé ò bá yí padà, kí ló dé tó wá ń dùn wọ́n nísinsìnyí? Ẹ tú àkọsílẹ̀ àkáǹtì wọn, kí ẹ wá owó tó há. Wọ́n gé owó lára ẹni tó wá rajà, alẹ́ẹ̀tì ò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ọlọ́jà ò jẹ́ kí ọjà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ra wọn. Lójú ọlọ́jà, ẹ̀yin lẹ dójú tì í níṣojú oníbàárà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, 10 náírà pàápàá á dà bí olè jíjà. Ẹ ṣírò wákàtí tí owó náà lò kó tó padà, láti ìgbà tó ti kúrò lára ẹni tó ni ín, kì í ṣe láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ yín kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ rántí àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rárá. Ẹni tó ti fi yín sílẹ̀ kì í sábà ti àkáǹtì pa. Ṣe ni owó tó wọlé láàárọ̀ á jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ POS yín á sì wọ inú dúrọ́ọ̀ nígbà tí ti ẹlòmíì wà lórí tábìlì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, kí òṣìṣẹ́ tó ń wá oníbàárà tuntun má sì tẹ̀ lé yín. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ẹ ń gbádùn wa. "A dúpẹ́, ẹ ṣeun" ni wọ́n máa sọ, ìyẹn ò sì kọjá ìkíni. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí ó ṣe rí nígbà tí owó wọn há kẹ́yìn, kí ẹ sì dákẹ́.

Bí ẹ bá ti rò pé ẹ mọ ìdí rẹ̀, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ka kan, ẹ fi òmíràn sílẹ̀ bó ṣe wà fún oṣù méjì. Owó tó ń sùn mọ́jú nínú àkáǹtì ni kí ẹ máa wò. Bó bá pọ̀ sí i ní ẹ̀ka àkọ́kọ́ nìkan, ẹ ti rí i. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ padà sídìí bí ẹ ṣe pín àwọn oníbàárà.