Wọ́n ti ṣe kátárákì fún Màámi, kí ló dé tí prẹ́ṣọ̀ ojú wọn tún gòkè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màámi ní gúlókómà (àrùn tó ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́), ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kán oògùn sí i, kátárákì (kí lẹ́ńsì inú ojú ṣú) wá tún bo ojú ọ̀tún, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀ n'Íbàdàn níbí. Lọ́jọ́ kejì prẹ́ṣọ̀ ojú náà, ìyẹn bí omi inú ẹyinjú ṣe ń tì í tó, jẹ́ 14, gbogbo wa ń dúpẹ́, àfi bá a ṣe padà lọ lẹ́yìn bí oṣù kan tí wọ́n ní ó ti di 29. Ṣé iṣẹ́ abẹ yẹn ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ná, ṣé wọ́n ṣì ń kán oògùn gúlókómà wọn? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, tójú bá ti mọ́lẹ̀ báyìí, wọ́n á gbé ìgò àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pàápàá bí oògùn ṣe wọ́n yìí. Lẹ́ńsì iwájú ni wọ́n pààrọ̀ o, iṣan ẹ̀yìn ojú ni gúlókómà ń bá jà, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ kátárákì lè fa prẹ́ṣọ̀ wálẹ̀, bíi 2 sí 4 fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́ni tí ibi tí omi inú ẹyinjú ẹ̀ ń gbà jáde há, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè sọ pé kẹ́ ẹ dín oògùn kù.

Èkejì ni mo fura sí jù: dírọ́ọ̀pù tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Sítẹ́rọ́ìdì ló máa ń wà nínú ẹ̀, bíi prednisolone tàbí dexamethasone, òun ló ń mú kí ojú má wú, ó sì wúlò gan-an. Àmọ́ ó máa ń ti prẹ́ṣọ̀ àwọn kan sókè tí wọ́n bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó sì ní gúlókómà ló máa ń ṣe jù. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, torí wíwú náà lè ba ojú jẹ́. Ẹ kó gbogbo ìgò oògùn sínú náílọ́ọ̀nù kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́la, kò gbọdọ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀, prẹ́ṣọ̀ á sì sábà wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra òmíì ní kẹ́místì torí pé ó ń tu ojú lára, ibẹ̀ gan-an lojú ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lọ.

Ìbéèrè: Tí orí bá ń fọ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Ìdáhùn: Tójú bá ń dunni gan-an, torí ń fọ́, téèyàn ń bì, ẹ má dúró di àárọ̀. UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì n'Íbàdàn, ń gba kòṣẹlẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nǹkan kan wà tó dà bíi jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ abẹ, tó bá ṣẹ́kù sínú ojú, prẹ́ṣọ̀ lè fò sókè láàárín wákàtí 24, tí iṣan ojú bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, òru kan péré lè mú ìyókù lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún àwọn kan ní Diamox, oògùn tó ń fa prẹ́ṣọ̀ ojú wálẹ̀. Ẹni tó bá ní sickle cell tàbí tára ẹ̀ kì í gba oògùn sọ́fà (sulfa) gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Ìbéèrè: Màámi ní àwọn ń ríran kedere, síbẹ̀ wọ́n ń forí gbá ilẹ̀kùn. Kátárákì aládùúgbò wa ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò yín má ní gúlókómà. Bíi tẹlifíṣọ̀n ni, wọ́n ti nu gíláàsì iwájú mọ́, ṣùgbọ́n wáyà tó ń gbé àwòrán wá ti já díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú tí gúlókómà ti mú lọ kì í padà. Ẹ ní kí wọ́n tún field test, àyẹ̀wò tó ń wo bí ojú ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ tó, ṣe, torí kátárákì lè ti mú kí ti tẹ́lẹ̀ burú ju bó ṣe yẹ lọ, tuntun yìí ni wọ́n á máa fi wọn ti ọjọ́ iwájú.

Ìbéèrè: Bàámi náà ti ṣiṣẹ́ abẹ gúlókómà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fẹ́ ṣe kátárákì.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Iṣẹ́ abẹ kátárákì lè jẹ́ kí ojú ihò tí wọ́n là fún omi jinná pa dé, pàápàá tí kò bá tíì pé ọdún kan. Tí wọ́n bá sì fi lẹ́ńsì tó ń wo ọ̀nà jíjìn àti nítòsí pọ̀ lọ̀ yín, tí iṣan ojú Bàbá bá ti bàjẹ́ púpọ̀, èmi ò ní gbà á fún wọn, ó máa ń jẹ́ kí nǹkan ṣú lójú. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo tó ń wo ọ̀nà jíjìn ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n wá ra awò fún ìwé kíkà.