Bí mo ṣe ń gbin yánrin sẹ́yìnkùlé l'Abẹ́òkúta

Yánrin tí mò ń sọ yìí kì í ṣe yanrìn tí bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì o, ẹ̀fọ́ ni, èyí tí ewé ẹ̀ gùn tí etí ẹ̀ sì rí gárígárí bí eyín ayùn, tẹ́ẹ bá já a oje funfun á jáde, tó bá dàgbà á yọ òdòdó yẹ́lò. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ẹ́, ìyá àgbà wa ló máa ń já a bọ̀ látoko. Àmọ́ ní báyìí tí gbogbo èèyàn ń fín oògùn apakoríko, ẹ lè rìn títí kẹ́ẹ má rí ìdí yánrin kan, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n sọ pé màá gbìn ín sílé ni.

Lọ́dún àkọ́kọ́, èso ni mo gbìn. Èso ẹ̀ kéré, ó ní òwú funfun lórí tí atẹ́gùn fi ń gbé e kiri, mo kó o jọ, mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí dáadáa bí ìgbà téèyàn ń gbin àgbàdo, kò hù. Díẹ̀ tó jàjà hù, èmi fúnra mi ni mo fà á tu torí mo rò pé koríko ni. Ìgbà tí mo rojọ́ fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan lọ́jà Kútọ̀ ló ní, "Ọmọ mi, fi èso sílẹ̀ fún atẹ́gùn, gbòǹgbò ẹ̀ ni kóo lọ wú wá." Bí mo ṣe bọ́ nìyẹn.

Ẹ wá a ní oko ẹ̀gẹ́ àtijọ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpáta tó pọ̀ nílùú wa yìí. Ìgbà tó bá yọ òdòdó ló rọrùn láti rí, ẹ fi igi sàmì sí i. Ẹ má wú tẹ̀gbẹ́ gọ́tà tàbí ibi tí wọ́n ti fín oògùn o. Oje funfun nìkan ò tó láti fi dá a mọ̀ torí ewéko mìíràn náà ní in, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó kẹ́ẹ tó fi sẹ́nu.

Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí oṣù Kẹrin, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, torí gbòǹgbò ẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ gé e ní gígùn ìka ọwọ́, ẹ fi ewé tútù wé e kó má gbẹ lọ́nà. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í jìn púpọ̀ kó tó kan àpáta, nítorí náà ẹ kọ ebè, tàbí kẹ́ẹ lo àpò ìrẹsì tẹ́ẹ ti dá ihò sí nísàlẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ni kẹ́ẹ pò mọ́ ọn, tuntun á jó o. Ẹ fi gbòǹgbò náà dùbúlẹ̀ díẹ̀, ẹ rọra bò ó, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín wọn, kẹ́ẹ máa bomi rin ín láràárọ̀ tí òjò ò bá rọ̀.

Tó bá hù, ewé ẹ̀ kì í kọ́kọ́ dìde, pẹrẹsẹ ló máa ń tẹ́ sílẹ̀ yí ká bí àwo. Ẹ ṣe ọgbà sí i o, ewúrẹ́ àdúgbò ò ní fojú fò ó, ehoro náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ewé ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kẹ́ẹ máa gé, ẹ fi ọkàn àárín sílẹ̀, ẹ má fà á tu láéláé. Tó bá ti ń ga sókè (ó lè ju mítà kan lọ), ewé ẹ̀ á kéré, á sì túbọ̀ korò, ẹ gé igi náà lulẹ̀. Èmi máa ń fi ìdí méjì sílẹ̀ kó yọ òdòdó nítorí oyin. Lọ́gbẹlẹ̀ ó lè gbẹ lókè pátápátá, ẹ má bínú hú u dànù, kì í ṣe bíi tẹ̀tẹ̀ tó so tán tó parí, ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí ẹ̀, tí òjò bá dé á tún yọ.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, ẹ fún un, àmọ́ ẹ má fún gbogbo ìkorò ẹ̀ dànù. Ẹ̀gúsí, irú wooro, epo pupa, kẹ́ẹ wá ro láfún gbígbóná tì í.